Ohun Tí Mo Sọ fún Ọ̀gá Wẹ̀mí

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì 2025

Mọ́pẹ́ ìyàwó mi ló ra ìwé yìí fún mi. Ó ní etí òun ti kún. Ó ní gbogbo ohun tí mo bá ń bẹ̀rù nípa àwọn ọmọ, kí n máa kọ ọ́ síbí, kí n yé kó o bá òun nígbà tí òun bá ń múra iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní nínú gbogbo arúgbó tó wà níbẹ̀, kò sí èyí tó ń ráhùn tó mi. Mo gbọ́, Alákòóso.

Ó dáa. Ọmọ méjì. Iyìolúwa, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọ́fíìsì kan ní Citywest. Ohunkóhun téèyàn bá bi í, "grand" ni, bí àwọn ará Dublin níbí ṣe ń sọ pé ó dáa. Ṣé ó ti jẹun? Grand. Ṣé ó ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́? Grand. Nítorí náà, Ọ̀gbẹ́ni Grand ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú.

Adéwẹ̀mímọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ ní Cork, ó bá ọkọ̀ akẹ́rù rìn káàkiri ayé fún ọdún mẹ́jọ. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, máa bọ̀ nílé. Ó wálé lóòótọ́, yàrá ẹ̀ àtijọ́ níbí ní Hartstown náà ló wà. Ó wá lọ gba iṣẹ́ tó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Páyílọ́ọ̀tì. Mo rò pé inú òfuurufú nìkan ni wọ́n ń wà. Rárá o. Ọkọ̀ ńlá tó bá ti òkèèrè dé, kápútéènì rẹ̀ kò mọ ojú omi wa, kò mọ ibi tó jìn àti ibi tí iyanrìn wà. Páyílọ́ọ̀tì ni yóò gbé ọkọ̀ kékeré lọ pàdé rẹ̀ lójú òkun, yóò gun orí rẹ̀, yóò dúró ti kápútéènì, yóò máa sọ ọ̀nà tí wọn ó gbà títí dé èbúté. Báwo ló ṣe ń gun orí rẹ̀? Àkàbà okùn. Wọn a jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ò ní dúró. Òkun náà ò ní dúró. Ọmọ mi á wá gùn ún.

Ìdánwò ìkẹyìn ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. 27 oṣù yìí, ọkọ̀ kọ̀ǹténà kan. Bó bá yege, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò gba láísẹ́ǹsì lára àwọn páyílọ́ọ̀tì ọ́fíìsì wọn. Inú mi dùn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí Alákòóso má bàa sọ pé mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Máàṣì

Afẹ́fẹ́. Mo wo ojú ọjọ́ ti orí òkun lórí fóònù nígbà mẹ́rin. Takisí ni mo ń wà, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 6 Máàṣì

Kápútéènì (orúkọ Wẹ̀mí nìyẹn báyìí) fi fídíò hàn mí. Òun fúnra ẹ̀ lórí àkàbà, ọkọ̀ ga bí ògiri ẹ̀wọ̀n, omi ń ru nísàlẹ̀. Mo bi í bó ṣe ga tó. Ó ní kì í ju mítà mẹ́sàn-án lọ, Dad, òfin ni, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wọn á gbé àtẹ̀gùn irin mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tù mí nínú.

Mo mú téèpù, mo lọ wọn ilé wa. Láti ilẹ̀ dé ibi tí páànù òrùlé ti bẹ̀rẹ̀ kò tó mítà mẹ́fà. Aládùúgbò wa jáde, ó bi mí ṣé a fẹ́ kọ́lé kún ilé ni. Mo ní rárá, ọmọ mi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Máàṣì

Goodluck tí a jọ ń wa takisí bá mi wí lónìí. Àwa méjèèjì wà lórí ìlà takisí níbi tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi láti Holyhead lódìkejì òkun ti ń sọ̀. Mo ń rojọ́ àkàbà fún un. Ó ní, "My brother, you never go greet the pikin oga?"

Ojú tì mí. Oṣù mẹ́jọ tí ọmọ yìí ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onítọ̀hún, mi ò tíì fi ẹsẹ̀ mi dé ibẹ̀. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, tí bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ní Abẹ́òkúta, ó ra iṣu dání, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá, ó ní ọ̀lẹ ni mí, ó ní orí mi le, ó ní mo máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀gá ṣàánú òun kó máa bá òun tọ́ mi. Mi ò sùn lẹ́nu iṣẹ́ rí. Mi ò tíì níṣẹ́ tí mo lè sùn lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Béèyàn bá yin ọmọ ẹ̀ níwájú ọ̀gá, ọ̀gá á ní kó wá kọ́ òun. Béèyàn bá bu ọmọ ẹ̀ kù, ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, á sì mú ọmọ náà bí ọmọ ara ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, abẹ́ apá ọ̀gá mi ni mo wà.

Màá lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì

Mo lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Bùbá àti ṣòkòtò, jákẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀ nítorí òtútù, iṣu mẹ́ta nínú báàgì.

Ọ̀gá àwọn páyílọ́ọ̀tì, ọmọ Cork ni, Jeremiah. Irun funfun, ọwọ́ bí ọkọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n máa pe òun ní Jerry. Ẹni tó ju mí lọ ní ọdún mẹ́jọ ó kéré tán. Mi ò lè pè é ní Jerry. Ọ̀gá Jeremiah ni mo pè é, ó rẹ́rìn-ín.

Ó wo iṣu. Ó bi mí ṣé igi ni. Mo ní oúnjẹ ni, ẹ sè é bí ànàmọ́. Ó dúpẹ́, ó fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀: iṣu, mẹ́ta, ọjọ́ báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni báyìí. Òfin ibi iṣẹ́ wọn ni, gbogbo ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ wọnú ìwé. Ọkùnrin yẹn máa ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Mo wá fi ọmọ lé e lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Mo ní ẹ ṣeun tí ẹ ń kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ bá mi mójú tó o, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n o, orí ẹ̀ sì le. Mo ní òòyì máa ń kọ́ ọ níbi gíga. Mo ní nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tí a kó dé Ballymun, ó gun irin ìṣeré àwọn ọmọdé dé òkè téńté, kò lè sọ̀ mọ́, ẹkún ló ń sun títí ẹnì kan fi lọ gbé e. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fún mi.

Mo retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún ti ibi gíga yẹn sọ. Mo tún un sọ, mo tiẹ̀ fi díẹ̀ kún un. Ó fa ìwé mìíràn yọ.

Inú mi dùn bó ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀gá tó ń kọ ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀. Ọmọ mi ti bọ́ sọ́wọ́ rere.

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì

Ara mi balẹ̀. Mọ́pẹ́ bi mí kí ló ń ṣe mí tí mi ò ráhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Máàṣì

Kápútéènì délé ní ọ̀sán. Kì í dé ní ọ̀sán. Mo wà nídìí tíì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, kò bọ́ kóòtù, ó ní, "Dádì, kí lẹ sọ fún wọn?"

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Òyìnbó Dublin ló máa ń fi dá wa lóhùn láti kékeré. Bó bá ti sọ Yorùbá, nǹkan ti bàjẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ibi iṣẹ́ wọn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òòyì ń kọ́ páyílọ́ọ̀tì, àní bó jẹ́ ẹlẹ́ran ló sọ ọ́, onítọ̀hún ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan àkàbà mọ́ títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí ìgbìmọ̀ yóò sì jókòó lé e. Ọ̀rọ̀ bàbá kò tiẹ̀ ṣe é fojú fò. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ ti 27. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fún. Olùdánwò kò tún ní wá títí di oṣù Kẹwàá.

Mo ṣàlàyé. Mo ní bí a ṣe ń fi ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ nìyẹn. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ti lo ọdún mẹ́jọ lójú omi, gbogbo ọkọ̀ tí òun bá wọ̀ ni ọkùnrin kan ti máa ń dúró kó lè rí i bóyá òun á bẹ̀rù. Ó ní òun ò tíì fún ẹnì kankan nínú wọn ní nǹkan tí wọn ó kọ sílẹ̀. Èmi ni mo lọ fún wọn.

Ó gun òkè lọ. Tíì mi di omi tútù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Máàṣì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ti iṣu fún Mọ́pẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orí àga mú. Nígbà tí mo sọ ìyókù, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Bàbá Wẹ̀mí, ẹ̀yin àti ẹnu yín."

Ọ̀gbẹ́ni Grand pè. Mo bi í ṣé ó ti gbọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo ní ṣé ó máa dáa báyìí? Ó ní kí n gbé fóònù fún ìyá òun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò ní grand.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Máàṣì

Kápútéènì kí mi ẹ káàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó kúnlẹ̀ pàápàá. Ó burú ju kó má kí mi lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Máàṣì

Mo padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Jeremiah. Mi ò mú iṣu dání. Ó ní èyí tí mo mú wá ọjọ́ yẹn dùn, bọ́tà ni ìyàwó òun fi sí i. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohun tí mo sọ rẹ́.

Kò bínú sí mi. Ó rọra sọ̀rọ̀, ó ní òun ò lè pa á rẹ́. Ó ní òun mọ páyílọ́ọ̀tì kan nígbà tí òun wà léwe, gbogbo èèyàn mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó já bọ́. Ó ní bí òun bá pa á rẹ́ lónìí, tí Wẹ̀mí já bọ́ lọ́la, kí ni òun ó wá sọ fún mi?

Ẹ̀rù pé ó lè já bọ́. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi lọ síbẹ̀ náà nìyẹn.

Ó ní Wẹ̀mí á rí dókítà lọ́jọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́jọ́ Ajé. Bí dókítà bá ní ara ẹ̀ le, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni yóò kù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá ṣàlàyé rẹ̀. Mo lè wá. Ṣùgbọ́n Wẹ̀mí ló gbọ́dọ̀ ní kí n wá.

Ọjọ́rú, 19 Máàṣì

Mo rán Mọ́pẹ́ sí i. Alákòóso kọ̀. Ó ní ẹnu tí mo fi lọ sọ ọ́, kí n fi lọ bẹ̀ ẹ́.

Kápútéènì ń din dòdò. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kò yíjú. Ó ní kí n wá, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ sọ nǹkan burúkú kankan nípa òun, àní kó jẹ́ àwàdà. Mo ní kankan? Ó ní kankan. Mo ní ti ìlẹ̀kùn press, kọ́bọ́ọ̀dù kíṣíìnì, tó máa ń ṣí sílẹ̀, tó fi gbá mi lórí lóṣù tó kọjá ńkọ́? Ó ní ti press náà.

Ó kó dòdò fún mi. Ó fi èyí tó jóná sí i. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Máàṣì

Dókítà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó ku èmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Máàṣì

Ọ̀gbẹ́ni Grand wá láti fi ọ̀rọ̀ kọ́ mi. Ó jókòó sídìí tábìlì kíṣíìnì, ó ṣe bí ìgbìmọ̀. Ó ní, Mr Adélékan, irú èèyàn wo ni ọmọbìnrin yín? Mo ní ó gbọ́n, ṣùgbọ́n. Ó gbá tábìlì. Ó ní kò sí ṣùgbọ́n. Mo ní ó níwà, àmọ́. Ó ní àmọ́ náà kò sí. Mo ní òṣìṣẹ́ ni, ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé. Ó gbá tábìlì.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ka ṣùgbọ́n mọ́kànlá. Mọ́pẹ́ ń gbọ́ láti pálọ̀, ó ní kí wọ́n bi mí bí ìyàwó mi ṣe rí, kí òun náà gbọ́. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín kan láti òkè àtẹ̀gùn pẹ̀lú. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́.

Ó ṣòro o. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo ti yin ọmọ yìí fún Ọlọ́run, fún Goodluck, fún èrò takisí tí mi ò mọ̀ rí. Mi ò tíì yìn ín lójú ara ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Máàṣì

Èèyàn mẹ́ta. Ọ̀gá Jeremiah, olùdánwò fúnra rẹ̀ (bàbá kan tí kì í ṣẹ́jú), àti obìnrin kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò. Wẹ̀mí jókòó lápá kan, ó ń wo tábìlì. Ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sí wà níwájú wọn. Obìnrin yẹn kà á fún mi. Ó bi mí ṣé èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ó ní ṣé òótọ́ ni?

Mo ní irọ́ ni. Wẹ̀mí gbójú sókè.

Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀gá Jeremiah ń mi orí, ó ní bí bàbá àgbà òun náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀ lójú àlùfáà nìyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò tíì yó. Ó ní ti irin ìṣeré ní Ballymun ńkọ́, ìyẹn kì í ṣe àṣà, ìyẹn ṣẹlẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe rí rí. Kì í ṣe fún wọn nìkan. Fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ gun òkè. Ó jókòó síbẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń ka ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá. Kò sunkún. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀ tí mo ń pariwo títí àwọn aládùúgbò fi jáde, èmi ni ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n tí mi ò lè gùn ún lọ bá a. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní kí n má sunkún mọ́. Ojú tì mí. Nígbà tí a délé, mo sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun ló sunkún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Obìnrin yẹn ní ta wá ni ẹ̀rù ibi gíga ń bà? Mo ní èmi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé èbúté báyìí.

Bàbá tí kì í ṣẹ́jú ló wá bi mí irú èèyàn tí ọmọ mi jẹ́. Mo ní ìgbà tí ìjì mú wọn lẹ́bàá Norway, wákàtí mẹ́rìndínlógún ló fi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ẹ̀ ló sọ ọ́ fún, kò sọ fún mi, nítorí ó mọ̀ mí. Mo ní mi ò tíì rí nǹkan tó dáwọ́ lé tó fi sílẹ̀ ní ìdajì. Mo ní bó bá jẹ́ èmi ni ọkọ̀ yẹn, òun ni mo fẹ́ kó mú mi wọlé.

Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Nínú mọ́tò, èmi àti Wẹ̀mí jáde nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tó ti èbúté wá. Ó wá ní, wákàtí mẹ́rìnlá ni, Dad, kì í ṣe mẹ́rìndínlógún. Mo ní kó jẹ́ ká fi mẹ́rìndínlógún sílẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́.

Ó ní òun rántí ọjọ́ yẹn ní Ballymun. Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ ọ́ lójú àlejò, tó jókòó síbẹ̀ tó ń jẹun tiẹ̀, ó mọ̀.

Ọjọ́rú, 26 Máàṣì

Wọ́n dá orúkọ ẹ̀ padà. Ọ̀la ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27 Máàṣì

Ó ní kí n má wá. Mi ò lọ sí èbúté. Ògiri òkúta gígùn tó wọ inú òkun ni mo rìn lọ, dé ìdí ilé pupa tó ń fi iná tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, ibi tí gbogbo ayé ti ń nasẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní bàbá kò gbọdọ̀ nasẹ̀.

Afẹ́fẹ́ díẹ̀. Mo rí ọkọ̀ ńlá náà lókèèrè, mo rí ọkọ̀ kékeré páyílọ́ọ̀tì tó sún mọ́ ọn bí ọmọ tó ń fa aṣọ ìyá ẹ̀. Ó jìnnà ju kí n rí àkàbà lọ. Mo dijú síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà tí mo là á, ọkọ̀ kékeré ti ń padà, ọkọ̀ ńlá ti yí imú sí wa.

Ó kọjá níwájú mi, díẹ̀díẹ̀, ó ga, ó dákẹ́. Mi ò rí i, gíláàsì òkè lọ́hùn-ún dúdú. Mo juwọ́ sí gíláàsì. Obìnrin kan tó mú ajá lọ́wọ́ náà juwọ́, kò mọ ẹni tó ń juwọ́ sí.

Ọ̀sán, sórí fóònù gbogbo ilé: ó yege. Ọ̀gbẹ́ni Grand fèsì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Épírì

Láísẹ́ǹsì dé. Mọ́pẹ́ kà á sókè nígbà mẹ́ta, ó jó yí tábìlì ká nínú aṣọ iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 3 Épírì

Òwúrọ̀ yìí ló kọ́kọ́ dá nìkan mú ọkọ̀ wọlé. Kò sí olùdánwò, kò sí Ọ̀gá Jeremiah lẹ́yìn ẹ̀.

Mo wà lórí ìlà takisí. Ìyá àgbà kan sọ̀ láti inú ọkọ̀ Holyhead, ó ń lọ sí Ballymun. Bí a ṣe ń jáde, ọkọ̀ ńlá aláwọ̀ búlúù kan ń rọra sún mọ́ etí èbúté lápá òsì wa. Ìyá náà yọjú, ó ní ta ló ń wa irú nǹkan báyìí.

Mo ní ọmọ mi ni.

Ó ní ọmọ yín ọkùnrin? Mo ní obìnrin. Ó wo ọkọ̀, ó wo ojú mi nínú díńgí. Ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ tó múná.

Mo ní ó múná. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Gbólóhùn yẹn dúró síbẹ̀ láàárín wa. Ẹnu ń yún mi. Orí rẹ̀ le, kì í ti ìlẹ̀kùn press, kì í tètè dé sílé, gbogbo ẹ̀ ti dé eyín. Iná pupa mú wa. Ìyá náà ṣì ń retí, ó rí i pé mo fẹ́ sọ nǹkan.

Mo na ọwọ́, mo tan rédíò.